Akoto fún ọlọ́pàá, akoto fún orí: èwo ni kí ẹni tó ń gun máṣíìnì láàárín mọ́tò rà?

Ní oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò bá dé akoto, ojú rí nǹkan ní títì. Ẹlòmíì so igbá mọ́rí. Ẹlòmíì dojú korobá ọ̀dà dé, ó fi okùn dè é mọ́ àgbọ̀n. Àwọn kan lọ yá akoto àwọn tó ń kọ́lé. Àwọn èrò ní tiwọn kọ̀ jálẹ̀: wọn ò ní ki orí bọ ohun tí wọn ò mọ ẹni tó dé e ṣáájú, kí ẹnìkan má baà fi gba ògo wọn lọ. A rẹ́rìn-ín títí. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí. Ẹ dúró ní Iwo Road n'Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ wo orí àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá. Igbá náà ṣì wà níbẹ̀. Ike ni wọ́n fi ń ṣe é báyìí, wọ́n sì kùn ún ní dúdú.

Akoto méjì ló wà lọ́jà, bó ti wù kí orúkọ wọn pọ̀ tó: èyí tí à ń dé kí ọlọ́pàá má baà dá wa dúró, àti èyí tí à ń dé nítorí orí. Mo ti ra méjèèjì. Ti ọlọ́pàá ni mo kọ́kọ́ rà, mo sì dé e fún ọdún mẹ́ta, láti Apata dé Dùgbẹ̀ lójoojúmọ́ iṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan takisí kan dúró gbì níwájú mi, èrò tó wà lẹ́yìn ṣílẹ̀kùn láì wẹ̀yìn. Mo fi èjìká gba ilẹ̀kùn náà. Kí n tó kanlẹ̀, akoto ti fi orí mi sílẹ̀, ó ń yí lọ nínú títì bí ọsàn tó já bọ́ nínú agbọ̀n. Àgbọ̀n ni mo fi gba ilẹ̀. Eyín méjì lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá mi gbé akoto náà wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, kò tilẹ̀ ha.” Òótọ́ ni, kò ha. Kò sí níbi tí ìjà ti ṣẹlẹ̀.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ní ọdún 1981, Harry Hurt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of Southern California gbé ìwádìí kan jáde lórí jàǹbá alùpùpù ní agbègbè Los Angeles. Jàǹbá bí 900 ni wọ́n lọ wò níbi tó ti ṣẹlẹ̀ gan-an. Bí a bá pín in sọ́nà mẹ́rin, bí ìdá mẹ́ta ló jẹ́ pé alùpùpù àti ọkọ̀ mìíràn ló kọlu ara wọn, mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ ló sì pọ̀ jù. Nínú irú èyí, ìdá méjì nínú mẹ́ta ló jẹ́ pé awakọ̀ mọ́tò ló gba ọ̀nà mọ́ ẹni tó wà lórí alùpùpù lọ́wọ́. Wọn ò rí i, tàbí wọ́n rí i nígbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́. Los Angeles jìnnà sí Mọ́kọ́lá, ṣùgbọ́n “mi ò rí ẹ” tí awakọ̀ wọn ń wí, òun náà ni tiwa ń wí.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gba ọ̀rọ̀ ẹni tó bá ní “èmi kì í sáré, akoto kékeré tó mi.” Ẹ lè má sáré. Ẹni tó fẹ́ yà wọ ilé epo níwájú yín kò béèrè eré tí ẹ ń sá. Ẹ ò sì lè yan ibi tí ẹ máa fi kanlẹ̀.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń béèrè lọ́wọ́ akoto ni pé ṣé yóò wà lórí títí ìjà fi máa parí. Ìkejì, ibo ló bò: àtàrí nìkan ni, àbí ó dé ìpàkọ́, etí àti àgbọ̀n? Ìkẹta, kí ló wà nínú rẹ̀? Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ gan-an nìyí. Ike òde kọ́ ló ń gba ọpọlọ là. Fóòmù funfun líle tó wà lábẹ́ aṣọ inú rẹ̀ ni, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí. Bí orí bá kanlẹ̀, fóòmù yìí á rún, ìrúnkúrùn yẹn ló sì ń fa àkókò ìdúró gùn díẹ̀, kí ọpọlọ má baà gbá mọ́ agbárí lẹ́ẹ̀kan náà. Akoto tó dára máa ń ní fóòmù tó tó ínǹṣì kan, ó sì máa ń wọ̀n tó kílò kan àti díẹ̀. Èyí tí kò bá tó ìdajì kílò, tó jẹ́ pé kànìnkànìn tàbí aṣọ lásán ni wọ́n lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, akoto ọlọ́pàá ni.

Ìkẹrin ni ooru. Ẹ má fi èyí ṣeré. Akoto tó dára jù láyé, tó bá jẹ́ pé orí táńkì epo ló ń jókòó sí láti oṣù kejì dé oṣù kẹrin, kò sàn ju fìlà lọ. Owó ló kẹ́yìn. Iye náírà tí mo bá kọ lónìí á ti di ìtàn kí ẹ tó kà á, nítorí náà n ó fi ohun tí gbogbo ọlọ́máṣíìnì ń rà wọ̀n ọ́n: epo, táyà, ríìngì ẹ́ńjìnnì.

Ọjà kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tirẹ̀ fún wọn. Ohun tí wọ́n jọ ni n ó fi pè wọ́n.

Akoto abọ́

Èyí tó dúró lókè etí, bí abọ́ tí a dojú rẹ̀ dé. Owó epo ọjọ́ kan sí méjì ti tó o. Atẹ́gùn ń fẹ́, ẹ̀ ń gbọ́ràn dáadáa, ẹ lè fi fóònù sétí (èyí ni àwọn ọlọ́kadà kan fẹ́ràn rẹ̀ sí, Ọlọ́run ló mọ ìdí). Ó rọrùn láti fún èrò, torí gbogbo orí ló ń gbà.

Ibi tó sì kù sí gan-an nìyẹn. Ohun tó gba gbogbo orí, kò di orí kankan mú. Ìwádìí kan ní Taiwan tí wọ́n gbé jáde ní 2011 fi hàn pé ẹni tó dé irú akoto ìdajì báyìí fara pa lórí ní ìlọ́po tó ju méjì lọ sí ẹni tó dé èyí tó bo gbogbo ojú. Ìwádìí yìí kan náà sọ pé akoto tí a kò de okùn rẹ̀ dáadáa burú bákan náà. Ẹ ronú sí i: irú akoto tí okùn rẹ̀ ń tètè já jù náà ni irú tí a kì í de.

A rí èyí tó dára díẹ̀ nínú wọn, tí fóòmù wà nínú rẹ̀, tí okùn rẹ̀ sì lágbára. Bí ẹ bá ti rówó ra ìyẹn, owó náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ra èyí tó kàn. N kì í bá ẹnikẹ́ni dámọ̀ràn akoto abọ́, àní kí ó máa gùn láàárín àdúgbò nìkan. Ti àwọn tó ń kọ́lé tiẹ̀ tún burú sí i: nítorí ohun tó ń já bọ́ láti òkè ni wọ́n ṣe ṣe é, wọn ò ṣe é fún ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ń já bọ́.

Akoto ojú-ṣíṣí

Èyí bo àtàrí, etí méjèèjì àti ìpàkọ́, ó wá fi ojú àti àgbọ̀n sílẹ̀. Àwọn kan ní gíláàsì ike tó ń bọ̀ wálẹ̀ dé imú. Owó táyà kan ni ẹ fojú sí.

Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀kadà láti àárọ̀ dalẹ́, mo lóye ìdí tó fi fẹ́ èyí. Èrò ń bá a dúnàádúrà, ó ń béèrè ọ̀nà, ó ń mu omi inú ọ̀rá, ó ń kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Ẹni tó dé ohun tó bojú lè má rí èrò gbé lálẹ́ rárá, torí ẹ̀rù olè. Bí fóòmù rẹ̀ bá pé tí okùn rẹ̀ sì le, ojú-ṣíṣí ju abọ́ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ó ń dúró lórí, torí pé ó gbá ìpàkọ́ mú.

Àgbọ̀n ni ìṣòro rẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí ní Jámánì kó àwọn akoto tí wọ́n ti fi ní jàǹbá jọ, tí wọ́n wo ibi tí ìkọlù ti bà wọ́n, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló wà ní ojú àti àgbọ̀n. Mo kà á lẹ́yìn tí mo ti san owó eyín tán. Ẹni tó bá kọlu ilẹ̀kùn mọ́tò tàbí ẹ̀yìn danfo, iwájú ló ń lọ. Ojú ló ṣáájú.

Akoto abojú

Èyí bo gbogbo rẹ̀: ike àti fóòmù yí àgbọ̀n ká, gíláàsì bo ojú. Èyí tó mọ níwọ̀n lè gba owó táyà méjì. Ojúlówó tí wọ́n ti yẹ̀ wò ní ilé àyẹ̀wò lè kọjá owó ríìngì àti písítìnnì pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ mẹkáníìkì.

Èyí ni mo ń dé. Nínú gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ lókè, ooru nìkan àti owó ni wọ́n lè fi bú u. Yàtọ̀ sí jàǹbá, ó ń gbà mí lọ́wọ́ eruku, kòkòrò, èéfín tánkà, àti òkúta tí táyà tirélà ń ta. Ẹni tó bá ti gba òkúta kan sójú rí lọ́nà Ìbàdàn sí Ìfẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀.

Àwọn ènìyàn ní wọ́n ò ní gbọ́ hóònù, wọ́n ò ní rí ẹ̀gbẹ́. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó dé e. Ṣùgbọ́n òfin DOT, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìrìnnà, tó ti wà láti 1974, sọ pé akoto gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ojú ríran dé ìwọ̀n 105 lápá ọ̀tún àti 105 lápá òsì. Ìwọ̀n 90 ni ẹ̀gbẹ́ etí yín gan-an, nítorí náà ó kọjá ibẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ìwádìí Hurt náà kò rí jàǹbá kan tó jẹ́ pé akoto ló dí ojú tàbí etí ẹni tó gùn ún. Ohun tó ń dí ojú ni gíláàsì tó ti ha. Bó bá ti ha tí iná mọ́tò fi ń fọ́n ká lójú yín lálẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Gíláàsì dúdú kò dára lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ rárá, bó ti wù kó rẹwà tó.

Fún ooru, ẹ wá èyí tó ní ihò atẹ́gùn níwájú àti lẹ́yìn tó ń ṣí lóòótọ́. Àwọn ayédèrú kan wà tó jẹ́ pé wọ́n kàn ya ihò náà sí i lára ni. Ẹ ti ìka bọ̀ ọ́ wò. Ẹ lè ṣí gíláàsì díẹ̀ nínú gósíloò. Ooru yẹn á mọ́ yín lára láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Akoto aláṣíjú

Abojú ni, ṣùgbọ́n àgbọ̀n rẹ̀ ń ṣí lọ sókè. Ẹ lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ẹ lè mu omi, ẹni tó ń lo awò ojú kò ní láti yọ ọ́. Òun ló wúwo jù, ojúlówó rẹ̀ ló sì sábà ń wọ́n jù lórí àtẹ. Ìrọ̀rùn rẹ̀ náà ni ewu rẹ̀: àwọn kan ń ṣí i sókè láàárọ̀, wọn kì í sì í pa á dé mọ́. Ayédèrú rẹ̀ burú ju ayédèrú abojú lọ, torí pé kọ́kọ́rọ́ ike tó di àgbọ̀n náà mú lè ṣẹ́. Bí ẹ ò bá rí owó ojúlówó, ẹ fi sílẹ̀, ẹ ra abojú.

Òǹtẹ̀ ara rẹ̀ àti irọ́ inú rẹ̀

Òǹtẹ̀ DOT ni ẹ máa rí jù. Ẹni tó ṣe akoto ló ń fi í lé e fúnra rẹ̀ lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, sítíkà rẹ̀ kò sì ṣòro í tẹ̀. Mo ti rí i lára akoto tí kò ní fóòmù kankan nínú. Ti ECE ti ilẹ̀ Yúróòpù ni mo gbọ́kàn lé jù, torí pé ilé àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó dé ọjà. Ẹ wo ara okùn àgbọ̀n: ẹ ó rí lẹ́bẹ́lì tí wọ́n rán mọ́ ọn, pẹ̀lú lẹ́tà E àti nọ́ńbà nínú òrùka. E1 ni Jámánì, E3 ni Ítálì, E11 ni Gẹ̀ẹ́sì. Lára lẹ́bẹ́lì yẹn kan náà ni ẹ ó ti rí P, tó túmọ̀ sí pé àgbọ̀n rẹ̀ ń dáàbò boni, tàbí J fún ojú-ṣíṣí. Bí ẹ bá rí NP lára aláṣíjú, àgbọ̀n rẹ̀ wà fún ẹwà ni. P/J, tó dúró fún méjèèjì, ni kí ẹ wá. Àwọn tó ń wá láti Íńdíà náà ní òǹtẹ̀ ISI, láti 2021 ni ìjọba wọn sì ti fi dandan lé e fún gbogbo akoto tí wọ́n bá tà lọ́hùn-ún.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ béèrè. A ń ra mọ́tò tòkunbọ̀, fíríìjì tòkunbọ̀, kí ló dé tí a kò ní ra akoto? Fóòmù tó bá ti rún lẹ́ẹ̀kan kò ní dìde mọ́, ike òde sì lè máa dán gbinrin lórí rẹ̀. Ẹ ò mọ ẹni tó ti fi ṣubú ní Rotterdam. N kò ní ra á. Ẹ̀wẹ̀, ẹ má fi epo bẹntiróòlù fọ akoto bí àwọn mẹkáníìkì ti ń fọ gbogbo nǹkan, ó ń jẹ fóòmù. Ọṣẹ àti omi ti tó.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀ kí ẹ wọn orí yín lókè ìpéǹpéjú yí ká. Bí ẹ bá ti dé akoto náà tí ẹ sì ti de okùn, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á dúró lẹ́yìn yín kó gbìyànjú láti ti ìpàkọ́ rẹ̀ sókè síwájú. Bó bá ṣí kúrò lórí, ẹ dá a padà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín gbọ́dọ̀ fún díẹ̀ nínú tuntun, bí ẹni tí ọmọ ọwọ́ di lẹ́nu mú. Èyí tó bá ti rọ̀ yín lọ́rùn pátápátá lọ́jọ́ tí ẹ rà á, á ti máa yí lórí yín tó bá fi máa pé oṣù mẹ́ta.

Àwọ̀ ńkọ́? Dúdú ló pọ̀ lọ́jà, funfun ni kí ẹ rà. Ìwádìí kan ní Auckland, New Zealand, ní 2004, rí i pé ewu jàǹbá ẹni tó dé akoto funfun fi ìdá 24 nínú 100 kéré sí ti ẹni tó dé dúdú. Ti ẹni tó wọ ẹ̀wù tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà fi ìdá 37 kéré. Ẹ̀wù yẹn kò wọ́n, ó sì ń bá “mi ò rí ẹ” wí kó tó di pé akoto ní iṣẹ́ í ṣe.

Ta ni kó mú èwo?

Ọlọ́kadà tó ń gbé èrò nínú ìlú: ojú-ṣíṣí funfun tó ní fóòmù gidi fún ara yín, bí owó bá sì gbà, aláṣíjú P/J. Fún èrò, ojú-ṣíṣí kan tó mọ́, pẹ̀lú fìlà ọ̀rá tí àwọn onírun fi ń wẹ̀, kí èrò kọ̀ọ̀kan lo tirẹ̀. Ẹ̀rù ògo tí wọ́n ń bà lọ́dún 2009 ti rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rù làpálàpá kò rọlẹ̀, wọn ò sì jẹ̀bi.

Èrò tó ń gun ọ̀kadà lójoojúmọ́, ẹ ra tiyín kí ẹ máa gbé e kọ́wọ́. Obìnrin tó dirun, ẹ wọn orí pẹ̀lú irun dídì náà. Tí ẹ bá sì tú irun, aṣọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ inú àwọn akoto kan ṣe é pààrọ̀ sí èyí tó nípọn.

Àwọn dìsípáàṣì, abojú, láìsí àfikún ọ̀rọ̀. Láti 1 June 2022 tí Èkó ti lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀yin lẹ kù jù láàárín tirélà lójú títì ńlá ibẹ̀. Ẹni tó gbà yín síṣẹ́ ló yẹ kó rà á. Bó bá fún yín ní akoto abọ́ tó kọ orúkọ ilé iṣẹ́ sí gàdàgbà, ìpolówó ọjà ló fi lé yín lórí.

Ẹni tó ń gùn lọ síbi iṣẹ́ lásán bíi tèmi, abojú. Ẹni tó ń lo awò, aláṣíjú tó jẹ́ ojúlówó. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan ju abọ́ lọ lónìí, kó fi oṣù kan wọ mọ́tò síbi iṣẹ́, kó kó owó epo jọ.

Bí ẹ bá sì ní àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ní London tó ń fi alùpùpù gbé oúnjẹ kiri, òun ti mọ̀ pé òfin ọ̀hún ti fi dandan lé akoto láti 1 June 1973. Kò sí owó orí ọjà VAT lórí akoto níbẹ̀, ìjọba wọn sì ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní SHARP tó ń fún akoto ní ìràwọ̀ kan sí márùn-ún. Ìràwọ̀ yẹn kì í sì í tẹ̀lé owó. Ẹ ní kó bá yín wo ibẹ̀ kó tó rà á. Ẹ fi ìwọ̀n orí yín ránṣẹ́ sí i ní sẹ̀ntímítà. “Orí mi tóbi díẹ̀” ni mo kọ sí ẹ̀gbọ́n mi nígbà àkọ́kọ́. Èyí tó fi ránṣẹ́, bàbá mi ló ń dé e lọ sóko báyìí.